Serge Tchuruk àti Kọ́ńpìnnì Tí Kò Ní Fákítọ́rì

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ẹ jẹ́ ká fi òwe yìí wo iṣẹ́ Serge Tchuruk, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó di ọ̀gá àgbà Alcatel ní 1995. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ tẹlifóònù ni Alcatel nígbà náà.

Ìlú Marseille ni wọ́n bí i sí ní 1937. Ó kàwé jáde ní École Polytechnique, ó ṣiṣẹ́ epo ní Mobil, ó sì di ọ̀gá Total ní 1990. Lásìkò tirẹ̀ ni Total gbé ìpín ìdókòwò rẹ̀ lọ sí ọjà New York ní 1991. Ẹni tó bá ní ọkùnrin yìí kò mọ iṣẹ́, irọ́ ló ń pa.

Ibi tí mo ti bá a ṣe awuyewuye ni ọ̀rọ̀ tó sọ ní oṣù kẹfà 2001. Ó ní òun fẹ́ kí Alcatel di kọ́ńpìnnì tí kò ní fákítọ́rì láìpẹ́. Lójú tirẹ̀, ọpọlọ àwọn ẹnjiníà ló ń mówó wá, ẹrù ni ìyókù. Ká gbé e fún ẹlòmíràn kó máa bá wa rọ ọ́.

Ṣé ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ nìyẹn? Rárá o. Ọjà tẹlifóònù ti dojú dé: bíi bílíọ̀nù 5 yúrò ni Alcatel pàdánù lọ́dún yẹn. Apple náà kì í fọwọ́ ara rẹ̀ to fóònù. Ṣùgbọ́n Apple máa ń rán àwọn ẹnjiníà tirẹ̀ lọ sínú fákítọ́rì àwọn tó ń bá a ṣe é, ó tún máa ń ra ẹ̀rọ síbẹ̀. Ó mọ̀ pé ibi tí wọ́n ti ń rọ nǹkan la ti ń rí àṣìṣe inú àwòrán. Alágbẹ̀dẹ tó ta owú, tó ta ẹmú, tó ní ọgbọ́n irin ṣì wà lórí òun, ọdún mélòó ni ọgbọ́n náà máa fi bá a gbé?

Ní 2006, ó so Alcatel mọ́ Lucent ti Amẹ́ríkà. Ní 2008, òun àti Patricia Russo, tí wọ́n jọ ń darí rẹ̀, kéde pé àwọn ń lọ. Nígbà tó fi máa di 2016, Nokia ti gbé gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀ka kan wà tó di fákítọ́rì rẹ̀ mú ní Calais: àwọn tó ń ṣe okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun. Alcatel-Lucent ló ṣe okùn Glo-1 tó gúnlẹ̀ sí Èkó ní 2009. Ní 2024, ìjọba Faransé gbà láti ra ìpín 80 nínú 100 ẹ̀ka náà lọ́wọ́ Nokia. Ohun tí wọ́n ṣì lè fọwọ́ ara wọn ṣe ni ìjọba wá fowó rà.

Tchuruk mọ ìwé ìṣirò kà, ó kà á dáadáa. Ṣùgbọ́n ìwé ìṣirò kì í kọ iye tí ìmọ̀ ọwọ́ òṣìṣẹ́ jẹ́ sílẹ̀, ìgbà tó bá lọ tán la máa ń rí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti di ọ̀gá níbi iṣẹ́ báyìí, kí ẹ tó ta ẹ̀ka tó ń náwó, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tí àwọn tó wà níbẹ̀ mọ̀.