Ahọ́n Tó Ti Rìnrìn Àjò: Ìtọ́wò àti Ìdájọ́ nínú Babette's Feast

Nínú ìtàn kúkurú Babette's Feast, tí Isak Dinesen kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1950, àsè kan ṣoṣo ni gbogbo àhunpọ̀ ìtàn ń lọ bá. Karen Blixen ni orúkọ òǹkọ̀wé náà gan-an, ọmọ Dẹ́ńmáàkì tó gbé ní Kẹ́ńyà láti 1914 sí 1931. Èèyàn méjìlá ló jókòó sídìí tábìlì, ṣùgbọ́n ẹnì kan péré ló mọ ohun tí ó ń jẹ, nítorí pé ó ti jẹ irú rẹ̀ rí nílẹ̀ òkèèrè. Ìbéèrè tó ti ibẹ̀ jáde kan gbogbo lámèyítọ́: bí ẹnì kan ṣoṣo bá mọ iyì iṣẹ́ ọnà, ṣé òun nìkan ni iṣẹ́ náà ṣe lóore?

Berlevaag, ìlú kékeré létí òkun ní Nọ́wè, ni ibùdó ìtàn. Babette sá wá síbẹ̀ láti Párísì ní 1871, lẹ́yìn tí wọ́n pa ọkọ àti ọmọ rẹ̀ nígbà ọ̀tẹ̀ Commune. Ọdún méjìlá ló fi ń se ẹja gbígbẹ fún tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì tí ìgbàgbọ́ wọn kórìíra fàájì. Nígbà tí ó jẹ tẹ́tẹ́ 10,000 fránkì, ó ná gbogbo rẹ̀ sórí oúnjẹ alẹ́ kan. Ẹ̀rù ba àwọn ọmọ ìjọ. Wọ́n mùlẹ̀ pé àwọn kò ní sọ ohunkóhun nípa oúnjẹ náà.

Ọ̀gágun Löwenhielm kò mọ̀ nípa ìmùlẹ̀ yìí. Bí ọbẹ̀ alábahun, Blinis Demidoff àti Cailles en Sarcophage ti ń dé, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu ń yà á, tí ó sì ń rántí Café Anglais ní Párísì. Ọ̀rọ̀ tí kò kan oúnjẹ ni wọ́n fi ń dá a lóhùn. Ẹ̀rín wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ìsọ̀tàn ni. Ẹni tí yóò tọ́ nǹkan wò gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò fi wé e. Ọmọdé tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni í sọ pé oko bàbá òun ló tóbi jù.

Ibi tí ìtàn náà ti wúwo jù ni ti Galliffet, tó gba Löwenhielm lálejò ní Café Anglais. Òun kan náà ló fi ìbọn tẹ àwọn ọlọ̀tẹ̀ Párísì rì ní 1871. Lẹ́yìn àsè, Babette jẹ́wọ́ pé ìkà ni àwọn tí òun ń dáná fún, síbẹ̀ àwọn ló mọ iṣẹ́ ọwọ́ òun. Ó bá wọn jà, ó sì ń ṣọ̀fọ̀ wọn. Òǹkọ̀wé kò tú sóko yìí. Bí ó ti fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ kí ìtàn náà di ìyìn oúnjẹ lásán.

Àléébù kan wà lára ìmọ̀ Ọ̀gágun. Ó dárúkọ oúnjẹ, ó dárúkọ wáìnì, ó tilẹ̀ ròyìn obìnrin tó ń dáná ní Café Anglais, ṣùgbọ́n kò béèrè ẹni tó wà ní ilé ìdáná. Fíìmù tí Gabriel Axel ṣe ní 1987, tó gbé ìtàn náà lọ sí Jutland ní Dẹ́ńmáàkì, tún èyí ṣe díẹ̀: olùwòran rí ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ kí ó tó gbọ́ ẹnu tó ń yìn ín.

Àwọn tí kò sọ̀rọ̀ ńkọ́? Ní alẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n parí ìjà àtọdúnmọ́dún, wọ́n sì bá ara wọn rẹ́rìn-ín nínú yìnyín. Olùkọ́ lítíréṣọ̀ lè fi èyí sọ́kàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì ní èdè ìperí lẹ́nu lè ti jẹ iṣẹ́ náà kó yó; kí olùkọ́ fún un ní ọ̀rọ̀, kí ó má sì fi ti ọ̀rọ̀ sọ pé kò jẹun.