Igogo Ọ̀wọ̀, Ọdún Tí Ìlù Ń Dákẹ́

Nígbà tí oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà bá wọlé, tí iṣu tuntun ti dé ọjà, ni ìlú Ọ̀wọ̀ máa ń fi ọjọ́ 17 ṣe Igogo fún Orónṣẹn, olorì Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ńgẹ́jẹn, arẹwà obìnrin tí ìtàn sọ pé èèwọ̀ rẹ̀ ni kí a lọ ilá níṣojú rẹ̀, kí a da omi sí àgbàlá, kí a ju igi ìdáná sílẹ̀ gbì. Ṣùgbọ́n orogún kì í fẹ́ kí ti orogún dára, àwọn orogún rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe èèwọ̀ náà, obìnrin náà sì fi ìbínú wọ igbó lọ.

Ohun tí ó wú mi lórí jù ni pé ìlù, tí Yorùbá fi ń ṣe ohun gbogbo, kò gbọdọ̀ dún ní àkókò Igogo. Agogo onírin ní ń pe ẹsẹ̀ jó. Ẹ wá wo Ọlọ́wọ̀, aláṣẹ èkejì òrìṣà: a di irun rẹ̀ bí irun obìnrin, a fi ìyẹ́ funfun há a, iyùn wúwo lọ́rùn rẹ̀ dé àyà, ó ń rọra jó bí olorì. Kí ọba gbé ọ̀ṣọ́ obìnrin wọ̀ láti fi tu olorì tí a ṣẹ̀ nínú, mo gbà pé ọlá ńlá ni, mo sì kí àwọn onídìrí tí ọwọ́ wọn ṣe é.

Ní 1971, awalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo wa ilẹ̀ ní Igbó Láàjá ní Ọ̀wọ̀, níbi tí ìtàn Orónṣẹn so mọ́, ó sì hú àwọn ère amọ̀ àtayébáyé jáde, tí iṣẹ́ Ifẹ̀ àti ti Bìní jọ hàn lára wọn.