"Wọ́n Ní" àti "Wai": Ọ̀rọ̀ Iyèméjì Nínú Ìtàn Àtẹnudẹ́nu

Ìròyìn kò tó àfojúbà. Lórí òye yìí ni Barry Hallen àti J. Olúbí Ṣódípọ̀ gbé ìwé wọn kà, Knowledge, Belief and Witchcraft, tí ó jáde ní ọdún 1986. Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Èkìtì ni wọ́n ti ṣe ìwádìí. Àbájáde wọn ni pé ohun tí ojú ẹni rí, tí ọkàn sì jẹ́rìí sí, ni Yorùbá ń pè ní ìmọ̀. Èyí tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ìgbàgbọ́ ni.

Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n ẹrù tí wọ́n gbé ka ọ̀rọ̀-ìṣe méjì yìí pọ̀ jù. "Onígbàgbọ́" ti di orúkọ ẹlẹ́sìn Kírísítì. Ẹni tí ó bá sọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì pé òun gbàgbọ́ kò ṣiyèméjì rárá. Inú àwọn wúnrẹ̀n kéékèèké ni iyèméjì Yorùbá fi ṣe ibùgbé: bóyá, ó jọ, àfàìmọ̀, kẹ̀, àti pàápàá, wọ́n ní. Ẹni tí ó sọ pé, "Wọ́n ní Òjó ti dé," kò jẹ́rìí sí i, kò sì sẹ́ ẹ. Ìdí nìyí tí olùgbọ́ fi lè bi í pé, "Àwọn ta ni?"

Yorùbá nìkan kọ́ ni ó ń ṣe èyí. Ní èdè Jàpáánù, "sō da" lè ṣe iṣẹ́ wọ́n ní. "Kamoshirenai," tí wọ́n ń lò bí a ti ń lo bóyá, sì ti ara àìlèmọ̀ wá, gẹ́gẹ́ bí àfàìmọ̀ ṣe ti ara àìmọ̀ wá. Ní Niamey, olú-ìlú Niger, "wai" ni àwọn tí ń sọ Haúsá ń lò.

Niamey gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti kan ìgbésí ayé. Ibẹ̀ ni CELHTO wà, ilé-iṣẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà tí ń ṣàkójọ ìtàn àtẹnudẹ́nu. Bí àgbà kan bá sọ pé, "Wai daga gabas kakanninmu suka zo," ohun tí ó sọ ni pé wọ́n ní ìlà-oòrùn ni àwọn baba ńlá àwọn ti wá. Bí atúmọ̀ bá yọ wai kúrò nínú èdè Faransé, ohun tí àgbà náà gbọ́ di ohun tí ó fọwọ́ sọ̀yà. Ọmọ rẹ̀ lè tìtorí rẹ̀ jà sí ilẹ̀ tàbí oyè lọ́la. Àwáwí kò sì sí, nítorí ọ̀rọ̀-ìṣe Faransé ní ìrísí kan tí àwọn oníròyìn ń lò fún ohun tí wọn kò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ìwé òfin tuntun sọ Haúsá di èdè orílẹ̀-èdè Niger. Iṣẹ́ ìtumọ̀ yóò máa pọ̀ sí i. Wai kéré lójú ìwé lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ni àgbà fi ń yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ẹ̀rí tí kò jẹ́. Ẹni tí ó bá pa á rẹ́ ti fi orúkọ àgbà jẹ́rìí èké.