Gírámà Pāṇini àti Ẹ̀kọ́ Ọ̀nà Jíjìn

Àwọn kan a máa bu ẹnu àtẹ́ lu ìwé Pāṇini pé àdììtú ni. Nǹkan bí 4,000 òfin ni ó fi ṣàlàyé èdè Sáńsíkírítì. Wọ́n kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí ‘ac’ lásán fi dúró fún gbogbo fáwẹ̀lì. Etí ni ó ṣe é fún. Ẹni tí ó ti kọ́ ìlà ìró 14 sórí lẹ́nu olùkọ́, bí ọmọ awo ti ń kọ́ Ifá, yóò mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan bá jókòó sí Ìkòtún, tí ó ń fi ìwé nìkan kọ́ ọ láti ọ̀nà jíjìn, àlọ́ ni yóò máa pa fún ara rẹ̀. Ohùn olùkọ́ tí a gbà sílẹ̀ lè ràn án lọ́wọ́. Kò lè tún àṣìpè rẹ̀ ṣe.