Ìṣákọ́lẹ̀ Lórí Ẹṣin

Ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń san ìṣákọ́lẹ̀ yóò tètè lóye òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe lórí tẹ́tẹ́ eré ìje ẹṣin ní ọdún 1961. Ọdún náà gan-an ni ilé tẹ́tẹ́ ṣílẹ̀kùn ní ìgboro wọn lábẹ́ òfin. Ìjọba wá pàṣẹ pé kí onítẹ́tẹ́ máa dá owó padà fún eré náà, kí wọ́n lè rí ẹ̀bùn fún ẹṣin tí ó bá borí. Ẹlẹ́ṣin ni onílẹ̀. Onítẹ́tẹ́ ni àgbẹ̀ tí ó wá dáko.

Ṣùgbọ́n kí ni irè oko ọ̀hún? Láti ọdún 2017, 10 nínú 100 ni onítẹ́tẹ́ ń san lórí èrè tí ó bá ju £500,000 lọ, ibi yòówù kí ó fìdí sí. Èrè yìí ni owó tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ó bá ti san ti àwọn tí ó jẹ. Ìyẹn ni pé àdánù àwọn tí ó ta tẹ́tẹ́ ni. Bí àdánù wọn bá ti pọ̀ tó ni ìpín ẹlẹ́ṣin yóò ti pọ̀ tó. Onílẹ̀ tí ń jẹ nínú irú irè bẹ́ẹ̀ kò ní lẹ́nu láti bá àgbẹ̀ wí nítorí ìpolówó ọjà rẹ̀. Ní 2023, orúkọ Betfred ni ó ṣáájú orúkọ Derby ti Epsom, eré tí wọ́n ti ń sá láti 1780!

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹsàn-án 2025, àwọn ẹlẹ́ṣin daṣẹ́ sílẹ̀, pápá mẹ́rin sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ìjọba yóò pa owó orí tẹ́tẹ́ ẹṣin pọ̀ mọ́ ti kàsínò orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìjọba gbọ́: ìsúná oṣù Kọkànlá fi ti ẹṣin sílẹ̀ ní 15 nínú 100, ó sì kéde 40 fún kàsínò láti oṣù Kẹrin 2026.

Wọ́n ní tẹ́tẹ́ ẹṣin gba làákàyè. Òótọ́ ni, ẹni tí ń yan ẹṣin ń wo ìran rẹ̀, ó ń wo bí ilẹ̀ ṣe tutù sí. Mo gbà fún wọn. Àmọ́ ilé iṣẹ́ kan náà ni ó ń ta méjèèjì, lórí fóònù kan náà. Ẹni tí ó tìtorí ẹṣin wọlé ní ọ̀sán, kàsínò ni yóò máa tẹ̀ ní òru.