Eré Àwárí Olówó Pọ́ọ́kú àti Ìdájọ́ Àwọn Eléré

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àwárí ni obìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa òwe yìí mọ̀ pé wíwá nǹkan kì í ṣe iṣẹ́ ojú nìkan. Ẹni tí yóò wá nǹkan rí gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó ń wá, kí ó sì mọ orúkọ rẹ̀. Òwe yìí ni ó ń wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ń gbọ́ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń sọ ní Ṣágámù àti ní Ìkẹ́nnẹ́, nígbà ìsinmi wa tí ó kọjá, nípa irú eré kan tí ó wà lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà, èyí tí n ó máa pè ní eré àwárí. Àwọn kan ń yìn ín, àwọn kan ń bú u. Lójú tèmi, àti ìyìn àti èébú, púpọ̀ nínú wọn kò kan ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi mú kálámù.

Fún àǹfààní ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé díẹ̀. Eré náà yóò fi àwòrán yàrá kan hàn wá, tí ẹrù kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ní ìsàlẹ̀ àwòrán ni a to orúkọ nǹkan bíi méjìlá sí. Eléré yóò máa wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá rí ọ̀kan, yóò fi ìka tẹ̀ ẹ́, orúkọ rẹ̀ yóò sì parẹ́. Kò sí ìbọn níbẹ̀, kò sí eré ìje. Ilé iṣẹ́ Big Fish Games ti Amẹ́ríkà wà lára àwọn tí ó sọ irú eré yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, pẹ̀lú Mystery Case Files: Huntsville tí wọ́n gbé jáde ní 2005. Ṣùgbọ́n kí kọ̀ǹpútà tó gbà á ni ìwé ti ń ṣe é: ní 1987 ni Martin Handford, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé Where's Wally? jáde, ìwé àwòrán tí a ti ń wá ọkùnrin kan ṣoṣo láàrin ọ̀pọ̀ èrò.

Èyí tí àwọn ará ibí ń jiyàn lé lórí ni Nightmares from the Deep: The Cursed Heart, tí ilé iṣẹ́ Artifex Mundi ti ilẹ̀ Pólándì ṣe jáde ní 2012. Ìtàn inú rẹ̀ ni ti obìnrin kan tí ó ni ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Òkú olórí ajalèlókun kan jí dìde, ó sì gbé ọmọbìnrin rẹ̀ lọ, ó fẹ́ fi ẹ̀mí ọmọ náà jí olólùfẹ́ tirẹ̀ tí ó ti kú. Ìyá náà wọ inú òkun tọ̀ wọ́n lọ. Eré olówó pọ́ọ́kú ni: owó irú èyí kò tó ti àwọn eré ńlá rárá, wọn a sì máa fún ènìyàn ní apá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí fóònù kí ó fi tọ́ ọ wò. Síbẹ̀, dọ́là mélòó kan kì í ṣe owó kékeré fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ń wá náírà tí yóò fi ra dátà. Nítorí náà, ó yẹ kí a wo ẹ̀sùn àwọn eléré dáadáa.

Ẹ̀sùn kìn-ín-ní ni pé ó kúrú. Ẹ̀gbọ́n kan tí ń tún fóònù ṣe ní Ṣágámù sọ fún mi pé òun bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, nígbà tí àkùkọ fi kọ, òun ti parí rẹ̀, owó òun sì ti lọ. Mo bá a kẹ́dùn oorun tí kò sùn, ṣùgbọ́n n kò gba ẹ̀sùn rẹ̀ wọlé. Àlọ́ ìjàpá kì í gùn, síbẹ̀ kò sí ẹni tí í bá apàlọ́ jà nítorí rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí a bi eré kúkúrú ni bóyá ó fi ohun gidi dí àkókò tí ó gbà lọ́wọ́ wa.

Ẹ̀sùn kejì ni pé ó rọrùn jù. Bọ́tìnnì kan wà tí eléré lè tẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá pin sí i nínú; eré yóò sì fi ibi tí nǹkan náà wà hàn án. Lẹ́yìn èyí, bọ́tìnnì yóò sinmi díẹ̀ kí ó tó tún ṣiṣẹ́. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan ní Ìkẹ́nnẹ́ ń fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní eré arúgbó ni. Wọ́n gbàgbé pé bí a bá ń pa àlọ́ àpamọ̀, tí ọmọdé kan kò mọ̀ ọ́n, àgbà a máa tọ́ ọ sọ́nà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi já a. Ìtọ́sọ́nà yẹn kò ba àlọ́ jẹ́ rí. Ẹni tí kò fẹ́ ìrànlọ́wọ́, kí ó má tẹ bọ́tìnnì.

Ẹ̀sùn kẹta lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn kan ní eré náà ń rẹ́ni jẹ: ó gbé nǹkan sínú òkùnkùn, tàbí ó sọ ọ́ di bín-ín-tín, ó wá ní kí a wá a. Kí a tó lè dá ẹjọ́ yìí, ẹ jẹ́ kí a lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá olóbì. Ó pẹ́ tí Ṣágámù ti jẹ́ ọjà obì pàtàkì. Àwọn oníṣòwò Haúsá tí ó wà ní Sábó sì ń ti ibẹ̀ kó gbánja lọ sí Òkè Ọya. Ìyá tí ó jókòó ti òkìtì gbánja yóò ṣa funfun sí ọ̀tọ̀, yóò ṣa pupa sí ọ̀tọ̀. Ńlá àti kékeré kò ní jọ wà pọ̀. Èyí tí kòkòrò ti dá lu yóò sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ó má baà ba ti inú apẹ̀rẹ̀ jẹ́. Obì tí kòkòrò jẹ yìí kò sá sínú òkùnkùn. Àárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó wà ní ọ̀sán gangan, ihò kékeré kan ṣoṣo ni ó fi yàtọ̀ sí wọn. Jíjọ tí ó jọ wọ́n ni ó pa á mọ́.

Òṣùwọ̀n tèmi nìyí. Eré tí ó bá fi jíjọ pa nǹkan mọ́, bí ẹni tí ó fi gègé sáàrin àbẹ́là, ń bá ojú wa ṣeré. Èyí tí ó bá fi òkùnkùn pa á mọ́ ń bá ojú wa jà. Nínú The Cursed Heart, mo rí méjèèjì, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ pọ̀ ju ti èkejì lọ, mo sì yìn ín fún èyí.

Ẹ̀sùn kẹrin kan ìtàn. Wọ́n ní ọmọ tí a jí gbé ti pọ̀ jù nínú irú eré báyìí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìyá tí ń wá ọmọ rẹ̀ ni ó fún wíwá náà nídìí. Ibòmíràn ni èmi ti rí àléébù. Bí a bá wá nǹkan méjìlá rí, ẹyọ kan péré ni a sábà ń mú lọ láti fi ṣílẹ̀kùn tàbí láti fi gé okùn; mọ́kànlá yòókù di asán. Ìyá olóbì kì í fọwọ́ kan obì tí kò ní ibi tí yóò gbé e sí. Ìyá tí a gbé ọmọ rẹ̀ lọ, kí ni yóò máa fi àkókò wá agbòjò sí? Níhìn-ín ni irú eré yìí ti ń gbàgbé ìtàn ara rẹ̀.

Nísinsìnyí mo dé ibi tí mo ń lọ. Ẹ̀sùn tí mo gbọ́ jù lọ ni èyí tí àwọn eléré fi ń kan ara wọn: wọn a ní, "Ojú mi kò ríran tó." Ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ń ta obì ní Ṣágámù sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo jókòó tì í nígbà tí ó ń ṣe ọ̀kan nínú irú eré yìí. Gbogbo ohun tí ó mọ orúkọ rẹ̀ ni ó ń rí kí n tó ṣẹ́jú. Ọ̀rọ̀ tí ó dá a dúró ni thimble. Ó fi ìka kan nǹkan náà gan-an, ó bi mí pé, "Bùrọ̀dá, kí ni ife kékeré yìí?" kò mọ̀ pé òun náà ni à ń wá. Ó ti rí i rí lórí ìka aránṣọ, níbi tí ó ti ń dènà abẹ́rẹ́. Orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ni kò mọ̀. Kò sí ohun tí ó ṣe ojú rẹ̀.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ a tún máa dẹ pàkúté. Bí eré bá kọ bat, ṣé àdán ni àbí igi tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù? Bí ó bá kọ nail, ṣé ìṣó ni àbí èékánná? Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá kó sí i yóò rẹ́rìn-ín, nítorí ó mọ ìtumọ̀ méjèèjì. Àwa tí a mọ ẹyọ kan yóò wá èyí tí kò sí níbẹ̀ títí, lẹ́yìn náà a ó ní ojú wa ni kò dára. Nítorí náà, nígbà tí ẹnikẹ́ni nínú wa bá sọ pé eré àwárí le tàbí pé ó rọrùn, kí a kọ́kọ́ bi í bóyá àwòrán ni ó ń sọ tàbí ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ìdájọ́ tí mo gbọ́, ìwọ̀n èdè ni, kì í ṣe ìwọ̀n ojú.

Ọ̀rọ̀ náà sì ní apá kejì tí ó dùn mí jù. Mo bi àwọn ọ̀dọ́kùnrin Ìkẹ́nnẹ́ tí wọ́n ń fi eré náà ṣe yẹ̀yẹ́ léèrè orúkọ nǹkan mẹ́ta: igi tí a fi ń ro ọkà, ọwọ̀ kékeré tí a fi ń ja ewédú, àti ìkòkò tí a dá ihò sí lára. Wọ́n mọ anchor, wọ́n mọ compass. Ẹnìkan mọ orógùn. Kò sí ẹni tí ó rántí ìjábẹ̀. Ajere kò tilẹ̀ kan etí wọn rí. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ Rẹ́mọ ni wọ́n dàgbà sí, nínú ilé tí a ti ń rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́. Ẹrù inú ọkọ̀ ajalèlókun ti wá yé wa ju ẹrù ilé ìdáná ìyá wa lọ.

N kò torí èyí sọ pé kí a pa eré àwọn ará Pólándì tì. Ẹni tí ó bá ní owó rẹ̀, kí ó rà á. Kì í ṣe eré yẹpẹrẹ, yóò sì kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Ṣùgbọ́n eré tí kò wọ́n lówó ni, bẹ́ẹ̀ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò ju àwòrán àti orúkọ lọ. Kí ni ó dé tí àwọn ọ̀dọ́ wa tí ó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kò lè ya ilé ìdáná kan ní Rẹ́mọ? Kí gbogbo ohun tí eléré bá rí wúlò fún ìkọ́kọrẹ́ tí a ń sè, kí a má baà ní mọ́kànlá tí ó di asán. Àmì ohùn sì gbọ́dọ̀ wà lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí a bá ní kí ó wá igbá kò gbọdọ̀ mú ìgbá tí a ń jẹ wá, tàbí igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Ẹni tí a bá ní kí ó wá ọkọ́ kò gbọdọ̀ mú ọ̀kọ̀. Àwọn tí ó ń sọ pé àmì ohùn kò wúlò yóò rí ìwúlò rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ti ọwọ́ ọmọdé fìdí rẹmi nínú eré náà.

Èrò tèmi nìyí. Ẹni tí ó bá ti ṣe eré náà tí ó sì rí i lọ́nà mìíràn, àyè ṣí sílẹ̀ fún un nínú ìwé ìròyìn wa yìí. Kí ó kọ tirẹ̀ wá.