Fáwẹ̀lì Gígùn Èdè Gẹ̀ẹ́sì: Ohun tí Ojú Rí àti Ohun tí Etí Gbọ́

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àwọn ìwé tí a fi ń kọ́ ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ohun méjì tí kò jọra. Nínú ìwé kíkà àwọn ọmọdé, fáwẹ̀lì "gígùn" ni èyí tí ìró rẹ̀ bá orúkọ lẹ́tà rẹ̀ mu, irú èyí tó wà nínú "cake", "time" àti "note". Nínú ìwé fonẹ́ẹ̀tíìkì, èyí tí a fi àmì gígùn sí lẹ́yìn ni, bíi ti inú "sheep" àti "car". Ìwé kejì yìí kò ka ìró inú "cake" mọ́ fáwẹ̀lì gígùn rárá; ìró tó ti ibì kan yọ́ lọ sí ibòmíràn nínú ẹnu ló kà á sí. Olùkọ́ kan náà ló sì ń fi ìwé méjèèjì kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan náà, láìsọ fún un pé ìtumọ̀ "gígùn" ti yí padà lójú ọ̀nà.

Ìtàn ló bí ìdàrúdàpọ̀ yìí. Nígbà kan rí, fáwẹ̀lì inú "name" gùn ní tòótọ́, wọ́n sì ń pe "e" tó kẹ́yìn rẹ̀. Láàrin nǹkan bí ọdún 1400 sí 1700, àwọn fáwẹ̀lì gígùn ṣípò lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ìyípadà yìí ni Otto Jespersen, ọmọ ilẹ̀ Denmark, sọ lórúkọ ní 1909. Ṣùgbọ́n William Caxton ti gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọ ilẹ̀ náà ní 1476, kí ìyípadà náà tó parí. Ìró ń lọ, àkọtọ́ dúró. Nígbà tí Richard Mulcaster kọ ìwé rẹ̀ ní 1582, "e" ìparí ti di àmì lásán tó ń sọ bí a ó ṣe pe fáwẹ̀lì tó ṣáájú rẹ̀. Àwọn olùkọ́ kan ń pè é ní "e" onídán. Kò sí idán kankan níbẹ̀. Òkú sílébù ni.

Bí a bá wá fi etí nìkan wò ó, gígùn náà kò ṣeé gbára lé. Nínú "beat", kọ́ńsónáǹtì tó parí ọ̀rọ̀ náà a máa gé fáwẹ̀lì rẹ̀ kúrú, débi pé ó lè má gùn ju ti inú "bid" lọ. Ipò ahọ́n ni ó ya "sheep" sọ́tọ̀ sí "ship" jù lọ. Daniel Jones fi lẹ́tà kan náà kọ fáwẹ̀lì méjèèjì nínú ìwé atúmọ̀ ìpè rẹ̀ ti 1917, ó kàn fi àmì gígùn sí ọ̀kan ni. Nínú àtẹ̀jáde ti 1977, A. C. Gimson fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà tirẹ̀. Síbẹ̀, "ẹ fà á" ṣì ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń wí.

Kí ni ọmọ Yorùbá ń gbọ́ nígbà tí a bá ní kó fà á? Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ọ̀rọ̀ àyálò wa. Fáwẹ̀lì kúkúrú ló wà nínú "bus" àti "bed", ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì àti bẹ́ẹ̀dì ni a ń pè wọ́n. Fáwẹ̀lì àkọ́kọ́ inú "teacher" gùn, tíṣà ni tiwa. Ohùn tó ti òkè wálẹ̀ ni etí wa gbá mú, ó sì wá fáwẹ̀lì méjì tí yóò gbé e. Fáwẹ̀lì méjì tó tẹ̀lé ara wọn nínú èdè wa, sílébù méjì ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohùn tirẹ̀: agogo ló di aago, egungun ló di eegun. Ìdí nìyí tí ìgbìmọ̀ àkọtọ́ ti 1966 fi ṣe dáadáa tó ní kí a kọ àárọ̀ dípò ãrọ̀. Nítorí náà, ọmọ tí a ní kó fa "sheep" yóò pe ṣíìpù, sílébù mẹ́ta gbáko, ahọ́n rẹ̀ kò sì kúrò níbi tó wà. Èdè Haúsá ní tirẹ̀ ń fi gígùn fáwẹ̀lì ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àkọtọ́ rẹ̀ kì í fi í hàn. Ìmọ̀ràn yìí lè wúlò fún ọmọ Haúsá ju ti wa lọ. Ìwé kan náà ni a sì ń tẹ̀ fún àwọn méjèèjì.

Ìdánwò tún dá kún un. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ètò WAEC ya ìdánwò ìgbọ́ràn sọ́tọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ Gánà, Sierra Leone àti Gambia, ó sì fún ti Nàìjíríà àti Làìbéríà ní ìbéèrè orí ìwé nípa ìró, kí wọ́n yan ìdáhùn. Orí ìwé ni ọmọ ti ń wá ìró. Ojú ló fi ń gbọ́. Ẹni tó bá há àwọn ọ̀rọ̀ sórí lè gba máàkì gbogbo láìla ẹnu rẹ̀ rí.

Èmi kò sọ pé kí a pa ìlànà àkọtọ́ tì. "Hop" àti "hope", "hopping" àti "hoping" tẹ̀lé òfin tó dúró ṣinṣin, "ee" náà kì í sábà já ni kulẹ̀. "Ea" ni kí a ṣọ́ra fún: ìró mẹ́ta ló ní nínú "bead", "bread" àti "great". Ní ti "have" àti "give", tí àwọn ìwé máa ń kà sí aláìgbọràn, iṣẹ́ mìíràn ni "e" ń ṣe níbẹ̀. Àkọtọ́ Gẹ̀ẹ́sì kì í fẹ́ fi "v" parí ọ̀rọ̀, ni wọ́n ṣe fi "e" tì í lẹ́yìn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè lóye èyí bí a bá sọ ọ́ fún un.